Ọjọ́ Méje Ni Ọtí Fi Ń Kú

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni dókítà bi Fàúsátù lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọjọ́ mẹ́rin, ìdáhùn kan náà ló sì fún un ní ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

"Màmá, ṣé wọ́n ń mu ọtí?"

"Ọtí kẹ̀? Ọkọ tèmi? Ètè Bàbá Bùnmí ò kan ọtí rí láti ọjọ́ tí ìyá wọn ti bí wọn. Ẹ bi gbogbo Ṣàngótẹ̀dó."

Ọ̀sán Mọ́ńdè ló kọ́kọ́ dáhùn bẹ́ẹ̀, nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé Bùsàrí ọkọ rẹ̀ dé ọsíbítù, tí símẹ́ǹtì ṣì há sábẹ́ èékánná rẹ̀. Bùsàrí ni fóòmáànù àwọn bíríkìlà ní sáìtì ńlá kan lẹ́yìn ọjà Ṣàngótẹ̀dó, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ilé alájà mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan náà. Ó dúró lórí pákó, ó ń na okùn sí ògiri kó lè mọ̀ bóyá ó gún, ni àyà bá dì í mú. Ó ní ńṣe ló dà bí ẹni pé ẹnì kan ń to bùlọ́ọ̀kù onínáìnì lé òun láyà, ọ̀kan tẹ̀ lé ọ̀kan, tí onítọ̀hún ò sì fẹ́ ṣíwọ́. Òógùn bò ó. Apá òsì rẹ̀ kú. Mẹ́rin nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ tẹ́ ẹ sórí ilẹ̀kùn kan tí wọn ò tíì fi sí ojú ilé, wọ́n fi gbé e sọ̀ kalẹ̀ láti òkè, wọ́n sì rọra tì í wọnú kọ̀rọ́pè kan tí awakọ̀ rẹ̀ sọ gbogbo èrò kalẹ̀ láìjanpata.

Dókítà Oyinkọ́lá Odùkọ̀yà, ọmọbìnrin tí ojú rẹ̀ kéré ju iṣẹ́ rẹ̀ lọ, ló gbà wọ́n. Ó ní iṣan kan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ fún ọkàn ló dí, pé ibi tí ẹ̀jẹ̀ ò dé lára ọkàn náà ti fara pa, ṣùgbọ́n wọ́n tètè gbé e dé.

"Ọjọ́ márùn-ún àkọ́kọ́ ló le jù, Màmá. Ọkàn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fara pa dà bí ọmọ tuntun. Kò fẹ́ kí ohunkóhun dẹ́rù ba òun."

Fàúsátù di ọ̀rọ̀ yẹn mú bí ẹni di okùn kànga mú. Ọjọ́ márùn-ún. Kí Bàbá Bùnmí ṣáà ti la ọjọ́ márùn-ún já.

Ní ti ọ̀rọ̀ ọtí, kò mọ̀ pé òun ń purọ́.

Àgbo ni Fàúsátù ń tà ní ẹnu ọ̀nà sáìtì tí ọkọ rẹ̀ bá ti ń ṣiṣẹ́. Ọdún kọkànlá rèé tí àwọn méjèèjì ti fi Ìwó sílẹ̀, tí wọ́n ń tẹ̀ lé iṣẹ́ kiri lẹ́bàá títì márosẹ̀ Lẹ́kkí, láti ìgbà tí wọ́n ti ń da yanrìn sí irà lẹ́yìn Lẹ́kkí Phase 1, títí dé Àjáh, títí dé Ṣàngótẹ̀dó. Ibi tí Bùsàrí bá ti na okùn sí, ibẹ̀ ni Fàúsátù ń gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ sí. Ike méjì ló máa ń gbé dání. Ti olómi wà fún ibà àti jẹ̀díjẹ̀dí. Èkejì ni wọ́n ń pè ní Ọlọ́jọ́ Méje, òun sì ni òpómúléró iṣẹ́ rẹ̀.

Ohun tó wà nínú Ọlọ́jọ́ Méje kì í ṣe àṣírí. Èèpo ọ̀gànwó ni, àti gbòǹgbò ìpẹta, àti orógbó díẹ̀, àti ataare. Ògógóró ló máa ń dà lé wọn lórí, á dé e pa, á gbé e sí kọ̀rọ̀ yàrá di ọjọ́ keje. Bí ìyá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ nílé nìyẹn. Ìyá náà ní èèpo igi ló ń pa ọtí, díẹ̀díẹ̀, bí oòrùn ṣe ń pa ìrì. Bó bá fi máa di ọjọ́ keje, ọtí ti kú, oògùn ló kù. Ẹ wo bí àwọ̀ rẹ̀ ṣe yí padà! Ohun tó mọ́ lóló bí omi òjò ti pọ́n bí osùn. Mùsùlùmí lè mu ún, kó sì lọ kírun. Aboyún nìkan ni kò gbọdọ̀ fẹnu kàn án.

Bùsàrí gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́ ju ìyàwó rẹ̀ lọ. Kò gbé ìgò bíà sẹ́nu rí, kò sì fẹ́ gbóòórùn rẹ̀ lẹ́nu ẹni tó bá ń bá a ṣiṣẹ́. Lọ́dún tó kọjá ló lé bíríkìlà kan tó ń jẹ́ Lateef kúrò ní sáìtì láàárọ̀ kùtù nítorí bíà.

"Lọ sùn, alámupara! Ògiri tí ọ̀mùtí bá mọ, orí ọmọ ọlọ́mọ ló máa wó lé!"

Bó ti sọ ọ́ tán, ó gba ife Ọlọ́jọ́ Méje rẹ̀ lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀, ó dà á sọ́nà ọ̀fun, ó nu ẹnu, ó gun pákó lọ. Nígbà tí Lateef padà wá bẹ̀bẹ̀, ó gbà á, àmọ́ ó ní kó fi bíà sílẹ̀, kó máa mu àgbo bíi ti ọkùnrin. Ife kan ni Bùsàrí máa ń mu kó tó gun òkè láàárọ̀, ife kan lọ́sàn-án, ife kan nígbà tí wọ́n bá ṣíwọ́. Ọwọ́ Fàúsátù nìkan ló ti ń gbà á. Kò jẹ́ kí ẹlòmíràn bù ú fún un.

Nígbà tó di àárọ̀ Túsìdeè, ọwọ́ Bùsàrí bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó fẹ́ gbé ife omi, omi dà sí i láyà.

"Ìyá Bùnmí," ó rọra pè é, "ara mi ò lélẹ̀. Ó ń ṣe mí bíi kí n dìde kí n sá lọ. Bu díẹ̀ wá fún mi nínú Ọlọ́jọ́ Méje."

"Níbí? Bí dókítà bá rí i ńkọ́?"

"Kí ló máa rí? Àwọn ń fún mi ní oògùn tiwọn, ìwọ náà fún mi ní tiwa. Àbí oògùn ń bá oògùn jà ni?"

Fàúsátù wọ kọ̀rọ́pè lọ sílé, ó sì padà dé pẹ̀lú fúláàsì kan tí ẹnikẹ́ni tó bá rí i máa rò pé ògì ló wà nínú rẹ̀. Bùsàrí fi ẹ̀yìn sí wọ́ọ̀dù, ó mu ún. Kò tíì tó àkókò ìrun ọ̀sán tí ọwọ́ rẹ̀ fi dúró jẹ́ẹ́. Ó wo ọwọ́ náà, ó wo ìyàwó rẹ̀.

"Ṣé o rí i?"

Fàúsátù rí i. Kí ni èèyàn tún ń wá lẹ́yìn ohun tó fojú ara rẹ̀ rí?

Nígbà tí dókítà dé, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì mi orí. "Ara wọn ti balẹ̀ ju ti àárọ̀ lọ dáadáa. Ó yà mí lẹ́nu. Màmá, ẹ má bínú, mo tún fẹ́ bi yín. Ṣé wọn kì í mu ọtí rárá?"

"Rárá, Dókítà." Ẹ̀rín wà lẹ́nu rẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́.

Láàárọ̀ Àlàrùbá, ó tún gbé fúláàsì wá. Àmọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Nọ́ọ̀sì Rẹ̀míláyọ̀, obìnrin gíga kan tí gbogbo wọ́ọ̀dù ń bẹ̀rù, pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Màmá, kí ló wà nínú yẹn?"

"Ògì ni, Nọ́ọ̀sì."

"Ẹ gbé e padà sílé. Kò sí oúnjẹ ilé mọ́ fún Bàbá. Iyọ̀ àti epo tí ẹ̀ ń fi há wọn lọ́nà ọ̀fun nílé tó gẹ́ẹ́. Ilé ìdáná wa ni wọ́n á ti máa jẹun. Ògì náà wà níbẹ̀."

Kò ṣí fúláàsì náà. Bó bá ṣí i ni, ọ̀rọ̀ ì bá tán níbẹ̀. Fàúsátù dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó yí padà, ó gbé fúláàsì náà padà sílé.

Lọ́jọ́ kejì, Àlàmísì, láti ẹnu ọ̀nà wọ́ọ̀dù ló ti ń gbọ́ ohùn ọkọ rẹ̀.

"Ẹ gbé kankéré wá! Ta ló ní kí ẹ gbé páànù sílẹ̀? Ọlálérè! Okùn yẹn ti wọ́, fà á! Fà á, ìwọ ọmọ yìí!"

Kò sí kankéré. Kò sí okùn, Ọlálérè ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ò sì sí níbẹ̀. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì ni Bùsàrí fi ọwọ́ méjèèjì dì mú tó ń fà. Òógùn ti mú kí ẹ̀wù rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn lára. Ẹ̀rọ tó ń ka bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù ń ké, ó ti fi ogóje sílẹ̀. Bùsàrí gbójú sókè, ó wo ìyàwó tó ti fẹ́ láti ọdún mẹ́rìndínlógún.

"Ìyá ẹlẹ́ja," ó wí, "kí lẹ wá ṣe ní sáìtì? Bùlọ́ọ̀kù máa já lù yín o."

Fàúsátù sáré lọ sí ìdí bẹ́ẹ̀dì. Nọ́ọ̀sì Rẹ̀míláyọ̀ gbá a mú.

"Mi ò rí ìdí ọ̀rọ̀ yìí," Dókítà Odùkọ̀yà ń sọ, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Kì í ṣe ibà. Ṣúgà ò lọ sílẹ̀. Ọkàn tó fara pa kì í mú èèyàn rí ohun tí kò sí." Ó yíjú sí Fàúsátù, ó sì di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Màmá, ẹ wò mí lójú. Tó bá jẹ́ ọ̀mùtí ni, mo mọ oògùn tí mo máa fún wọn lójú ẹsẹ̀. Àmọ́ oògùn náà le. Bí mo bá fi dánwò lásán, ó lè mú kí wọ́n má mí dáadáa mọ́. Ọkàn yìí ò sì lè sá irú eré yìí di àárọ̀ ọ̀la. Ṣé wọ́n ń mu ọtí?"

"Wọn kì í mu ọtí, Dókítà."

Ẹ̀ẹ̀kẹta nìyẹn. Lọ́tẹ̀ yìí, ó ṣe é bíi pé ẹlòmíràn ló fi ẹnu òun sọ ọ́.

Lábẹ́ igi fúrúùtù tó wà níta, ó bá Dúrójayé tó jókòó. Káfíńtà ni, ọ̀rẹ́ Bùsàrí láti ìgbà èwe, ẹni tí bíà kì í wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́, tí Bùsàrí sì máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ lójoojúmọ́.

"Ìyàwó wa, ẹ kú ìrọ́jú. Báwo lara rẹ̀?"

"Kò dá mi mọ̀ mọ́, Bọ̀ọ̀dá Dúró. Dókítà ò sì yéé fi ọ̀rọ̀ ọtí yọ mí lẹ́nu. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ dùbúlẹ̀ síbẹ̀ ni, ǹ bá ti dáhùn tipẹ́!"

Dúrójayé rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà ò dé ojú rẹ̀. "Òótọ́ ni. Ìgò tèmi, ojú gbogbo ayé ni mo ti ń gbé e. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi yín ní nǹkan kan, ẹ má bínú sí mi. Ọjọ́ Iléyá tí ẹ bu ife Ọlọ́jọ́ Méje kan ṣoṣo fún mi, ṣé ẹ rántí?"

"Ẹ sùn lọ lórí àpò símẹ́ǹtì."

"Mo sùn débi pé wọ́n fẹ́ẹ̀ pò mí mọ́ kankéré! Ó ti tó ogún ọdún tí mo ti ń mu bíà, kò sí èyí tó gbé mi lulẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Ẹ ní ọtí inú rẹ̀ ti kú." Ó họ orí. "Ó lè jẹ́ pé ẹnikẹ́ni ò tíì túfọ̀ fún un."

"Ẹ ò lójútì," Fàúsátù wí, ó pòṣé, ó dìde. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà bá a wọ kẹ̀kẹ́ Màrúwá, ó bá a jókòó, kò sì bọ́ sílẹ̀ títí tó fi délé.

Ó ní bó ṣe máa ń ra ògógóró. Ọwọ́ àwọn Ìlàjẹ létí ọ̀sà ní Àjáh ló ti ń rà á, kì í sì í tọ́ ọ wò, torí Mùsùlùmí ni. Iná ló fi ń dán an wò. Á ní kí wọ́n da díẹ̀ sínú ìdérí ìgò, á ṣá ìṣáná sí i. Èyí tí wọ́n ti bu omi là kì í jó. Ojúlówó máa ń jó, iná rẹ̀ á sì dà bí aró tó ṣàn. Ó ti fi iná dán ti ọjọ́ àkọ́kọ́ wò láìmọye ìgbà. Kò dán ti ọjọ́ keje wò rí. Ta ló ń dán òkú wò?

Ó ti fèrèsé kí oòrùn má bàa bo ohun tó fẹ́ rí. Ó da Ọlọ́jọ́ Méje díẹ̀ sínú ìdérí kan. Ìṣáná àkọ́kọ́ ṣẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó ṣá èkejì.

Iná náà tẹ́ pẹrẹsẹ lórí ohun pípọ́n yẹn, ó ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ó dà bí aró.

Fàúsátù fẹ́ ẹ pa. Ó gbé èyí tó ti lo oṣù kan, ó jó. Ó wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì lọ gbé ìgò tó ti wà níbẹ̀ láti ààwẹ̀ tó kọjá, èyí tó ti dúdú bí omi ọ̀sà, òun náà jó. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín àwọn ìgò.

Ìgbà yẹn ló rántí ohun tí kò rántí láti ọdún mọ́kànlá. Ìyá rẹ̀ ò fi ife bu ún fún ẹnikẹ́ni rí. Ṣíbí ni. Ṣíbí kan fún ẹ̀yìn tó ń dunni, ó dọ̀la. Ṣùgbọ́n nígbà tí Fàúsátù gbé e dé sáìtì, tí ogún ọkùnrin tò sílẹ̀ níwájú rẹ̀, tí wọ́n fẹ́ gun òkè, ta ló ráyè máa fi ṣíbí bu nǹkan? Ó gbé ife gíláàsì jáde. Ife náà ò sì kéré.

Òun ló bù ú. Òun nìkan. Ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yàrá náà, ó rí ohun méjì tó wà níwájú rẹ̀. Bí òun bá sọ ọ́, wọ́n á ní òun ló fẹ́ pa ọkọ òun. Bí òun ò bá sọ ọ́, òun ni yóò pa á lóòótọ́. Orúkọ Bùsàrí ńkọ́, ọkùnrin tó ń fi ọ̀rọ̀ ọtí lé èèyàn níṣẹ́? Ó wé ife gíláàsì náà mọ́ inú ìborùn rẹ̀, ó gbé ìgò kan dání, ó jáde.

Oòrùn ò tíì wọ̀ nígbà tó dé wọ́ọ̀dù. Ojú Bùsàrí ti wálẹ̀ díẹ̀. Ó rí ìgò náà, ó sì na ọwọ́ méjèèjì jáde, ọwọ́ tó ń gbọ̀n bí ewé kókò lójú òjò.

"Ìyá Bùnmí. O gbé e wá. Ọlọ́run á bù kún ẹ. Bù ú kíá, kí wọ́n tó rí ẹ."

Omi bọ́ lójú rẹ̀. Fàúsátù ò rí omi lójú ọkọ rẹ̀ rí, kódà nígbà tí wọ́n sin ìyá rẹ̀. Ó sì mọ̀ dájú pé bí òun bá bù ú, ọwọ́ náà á dúró. Ohun tó le jù nínú ọ̀rọ̀ náà nìyẹn. Ó ti rí i tó dúró rí.

"Dókítà!" ó ké, ohùn rẹ̀ sì ga ju bó ṣe fẹ́ lọ. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bi mí lẹ́ẹ̀kẹrin."

Dókítà Odùkọ̀yà dé, ó gba ìgò, ó gbóòórùn rẹ̀, ó yí imú padà. Fàúsátù tú ìborùn, ó gbé ife jáde, ó sì sọ gbogbo rẹ̀, láti orí èèpo ọ̀gànwó títí dé orí fúláàsì. Dókítà pọn omi kún ife náà, ó dà á sínú ohun tí wọ́n fi ń wọn oògùn. Ó wò ó pẹ́.

"Ife yìí? Mẹ́ta lójúmọ́?"

"Mẹ́ta ni. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń da kankéré dẹ́kì, márùn-ún."

"Fún ọdún mélòó?"

"Mọ́kànlá."

Dókítà mí kanlẹ̀. "Ọtí náà ò kú, Màmá. Ó kàn yí àwọ̀ padà ni. Ara tó ti mọ̀ ọ́n fún ọdún mọ́kànlá, bí ẹ bá já a gbà lẹ́nu rẹ̀ lójijì, á ya wèrè, ọkàn á máa sáré. Èyí tí ẹ gbé wá nínú fúláàsì fún ara ní ohun tó ń bèèrè, ó sì ń na ọkàn tó fara pa ní pàṣán." Kò bú u. Ó ti yíjú padà. "Nọ́ọ̀sì! Mo ti mọ ohun tó jẹ́. Ẹ bá mi gbé abẹ́rẹ́ wá."

Láàárín ariwo ẹsẹ̀ àti ti ẹ̀rọ, Bùsàrí wo ìyàwó rẹ̀, ojú rẹ̀ sì mọ́ rekete fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà.

"O pè mí ní ọ̀mùtí," ó wí. "Níwájú àwọn ọmọdé oníṣègùn yìí."

Ó kọjú sí ògiri.

Odindi ọjọ́ Jímọ̀ ni kò fi bá a sọ̀rọ̀. Fàúsátù jókòó tì í, ó ń fi aṣọ tútù nu ẹsẹ̀ rẹ̀, bí ẹni ń bá òkúta gbé. Ọwọ́ náà ń gbọ̀n, ó ń rọlẹ̀, ó tún ń gbọ̀n. Nọ́ńbà orí ẹ̀rọ ń já bọ́ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán Sátidé, ó ti wọ àádọ́rùn-ún, Nọ́ọ̀sì Rẹ̀míláyọ̀ sì mú igbá ògì wá fúnra rẹ̀ láti ilé ìdáná. Ọjọ́ márùn-ún dókítà ti pé, ó ti lé kan.

Ògiri ni Bùsàrí ṣì kọjú sí nígbà tó sọ̀rọ̀.

"Ta ló ń bu Ọlọ́jọ́ Méje fún wọn ní sáìtì?"

"Kò sí. Títí di Àlàrùbá, wọ́n ń wá gbà á lọ́wọ́ mi nílé láàárọ̀, àmọ́ láti Àlàmísì ni mo ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn."

"Nígbà náà, ọwọ́ wọn ń gbọ̀n lórí pákó báyìí. Wọn ò sì mọ ohun tó ń ṣe wọ́n."

Fàúsátù ò tíì ronú débẹ̀.

"Dárúkọ wọn fún mi," Bùsàrí wí.

"Ẹ sinmi ná, Bàbá Bùnmí."

"Èmi ni mo ní kí wọ́n fi bíà sílẹ̀. Dárúkọ wọn."

"Lateef. Mẹ́ta lójúmọ́." Ó ń ka wọ́n lórí ìka. "Ọláníyan, méjì. Ọdúnjọ, mẹ́ta, ó tún máa ń gbé dání lọ sílé. Ọlálérè..."

"Ọlálérè ńkọ́?"

"Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní àyà ń dun òun bí òun bá ti gbé páànù kankéré dókè. Mo ní iṣẹ́ ló pọ̀." Fàúsátù fi ìborùn bo ẹnu. "Mo bu ife kan lé tirẹ̀ fún un."

Bùsàrí yí padà kúrò lára ògiri. Ó fi ìgbọ̀nwọ́ ti ara rẹ̀ dìde, pẹ̀lú bí Nọ́ọ̀sì ṣe ń ké mọ́ ọn láti òdìkejì, ó sì na ọwọ́ sí ìyàwó rẹ̀.

"Fóònù mi dà?"